Kọ́ńgò Tó Pé, Ọmọ Tó Gbọ́n

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjà wa náà sì ni.

Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń mọ iye tí nǹkan gbà nínú. Bí tíṣà bá kàn kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ á há a sórí, á sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú, tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà á, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ gbọ́ bí àwọn tíṣà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é.

Èkíní, ìṣáná. Ọmọ á máa to ilé ìṣáná sínú páálí. Bí 6 bá gba gígùn, tí 4 gba ìbú, ìpele kan jẹ́ 24. Bó bá to ìpele 5, ó di 120. Ṣé báyìí kọ́ la ṣe ń to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù?

Èkejì, omi. Wọ́n á fi páálí ṣe àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Píọ́ wọ́tà 2 tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 ló máa kún un. Lítà 1 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì epo wa tó jẹ́ lítà 25, á gba 50 irú píọ́ wọ́tà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ wa jù. Ẹ mú bébà A4 méjì. Ẹ ká ọ̀kan kó ga, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ká ìkejì kó kúrú, kó fẹ̀. Ẹ lẹ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn nàró sórí atẹ, kí ẹ wá da ẹ̀wà sí wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní èyí tó ga ló gbà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Bí èyí tó ga bá gba ife 10, èyí tó kúrú á gba bíi 14. Ọ̀mọ̀wé Jean Piaget, ará Switzerland (1896–1980), ti fi omi dán àwọn ọmọ kéékèèké wò, ó sì rí i pé gíga ni wọ́n máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ wá kàn wá wàyí. Ọmọ tó bá mọ èyí, ta ló máa fi kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú rẹ́ ẹ jẹ? Omi lásán ni yóò bù sí i, àṣírí á tú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, irú kọ́ńgò yẹn wà lọ́jà, òun ló sì ń lé oníbàárà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní tíṣà ní kí òun mú agolo tàbí ẹ̀wà díẹ̀ wá, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ fún un. Kọ́ńgò tó pé sì ni kí ẹ fún un o, torí ọmọ yín ló máa kọ́kọ́ wọ̀n yín wò.