Ọmọdé àti Fùréjọ̀n Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ọ̀rọ̀ ọdún Àjíǹde ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé. Kérésìmesì kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọdé: wọ́n bí ọmọ, a sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Àjíǹde, ikú ló ṣáájú ayọ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fo ọjọ́ Ẹtì Rere kọjá, a ó kàn wọ aṣọ tuntun fún ọmọ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ọmọ yóò kọ́kọ́ bi yín pé kí ló dé tí ọdún yìí kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ẹ mú un jáde lálẹ́, kí ẹ fi òṣùpá hàn án. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta lọ, ni àwọn ìjọ wa ń ṣe Àjíǹde. (Òṣùpá tí Ìjọ fi ìṣirò kà ni o.) Ìdí nìyí tí ó fi bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ní 2024, tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ní 2025.

Ní ilé wa l'Ékòó, ìdí àdògán ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ìyókù. Fùréjọ̀n ni oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn Àgùdà ló mú un wá, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsílì, tí púpọ̀ nínú wọn padà wálé láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà ni ó di fùréjọ̀n lẹ́nu wa. Títí di òní, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, wọ́n ń se ẹ̀wà pẹ̀lú omi àgbọn ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà.

Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀wà ti ń jinná lórí iná jẹ́jẹ́, títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. A ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó fún omi àgbọn sí i, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú gààrì; a kì í fi ẹran kàn án. Iṣẹ́ ọmọdé kò wọ́n níbẹ̀: kí ó ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kí ó mi àgbọn sétí kí ó gbọ́ omi inú rẹ̀.

Níbi tí a ti ń sẹ́ ẹ̀wà lọ́dún kan ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ti bi mí pé: "Bàbá, ṣé Màmá náà máa jí lọ́jọ́ Ìsinmi?" Ìyàwó mi ló ń bèèrè, ẹni tí a sin ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, tó sì jẹ́ pé òun ló máa ń di asẹ́ mú. Gbogbo ilé ìdáná dákẹ́. Ẹnìkan ní, "Màmá rìnrìn àjò ni." Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ọmọ tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò máa wo ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọmọ mi, Màmá kú. Kò ní í wálé lọ́jọ́ Ìsinmi. Jésù ni ó jí ní ọjọ́ kẹta. A gbàgbọ́ pé a ó tún rí Màmá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí." Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé ta ni yóò wá di asẹ́ mú. A fi etí kan lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, òun náà ló gbé abọ́ àkọ́kọ́ lọ fún aládùúgbò wa, Mùsùlùmí, tí ó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, a kó ìyókù gààrì àti ẹja dání lọ sí Gálílì, gẹ́gẹ́ bí áńgẹ́lì ti ní Olúwa ń lọ síbẹ̀ ṣáájú. Gálílì tiwa wà létí òkun, lábẹ́ igi àgbọn.