Ohun tí Àwòrán Ọpọlọ Ọmọ Lè Sọ fún Ìdílé

Ẹ̀yin ìyá wa, bí kókó bá wà nínú ọpọlọ ọmọ, ohun tí gbogbo ilé kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ náà yóò yè. Ìbéèrè kejì kì í tètè wá síni lọ́kàn: ṣé kókó yìí kàn ṣàdédé wá ni, àbí àrùn àbímọ́ kan ni ó bí i? Púpọ̀ nínú kókó ọpọlọ ọmọdé kò bá àrùn ìdílé tan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ wà tí àwòrán ọpọlọ lè tú àṣírí rẹ̀, ìtọ́jú irú wọn sì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní neurofibromatosis, tí nǹkan bí ọmọ kan nínú 3,000 máa ń ní. Ara ọmọ náà máa ń ní àwọn àmì pẹlẹbẹ tí ó dúdú ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ. Àmì kan tàbí méjì kò burú; ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ní in. Bí ó bá pé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó mìlímítà 5, ẹ fi han dókítà. Nínú àwòrán ẹ̀rọ MRI, iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ lè hàn pé ó wú. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 100, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 15, púpọ̀ jù nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún 7. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa yẹ ojú wọn wò lọ́dọọdún, kódà bí wọn kò bá ráhùn.

Èkejì ni tuberous sclerosis. Àmì tirẹ̀ funfun, ó rí bí ewé kékeré, ó sì sábà máa ń wà láti ìgbà ìbí. Àwọn kan a pè é ní làpálàpá, àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù pé ẹ̀tẹ̀ ni. Kì í yún ọmọ, kì í sì í ran ẹnikẹ́ni. Gìrì ni ó máa ń kó ìyá láyà sókè: ọmọ oṣù mélòó kan a ká jọ lójijì, a ju apá, a sì tún ṣe é léraléra, pàápàá bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá a rò pé inú ni ó ń run ún. Kò sí ara gbígbóná níbẹ̀ bíi ti gìrì ibà. Ẹ má ṣe fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rọ CT lè fi àwọn kókó wẹ́wẹ́ hàn, tí ó le bí òkúta, létí àwọn ihò olómi inú ọpọlọ. Bí ọ̀kan bá dàgbà tí ó sì dí omi náà lọ́nà, orí fífọ́ àti èébì òwúrọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

Kí ni mímọ̀ yìí wúlò fún? Bí ó bá jẹ́ neurofibromatosis, àwọn dókítà kì í fẹ́ fi ìtànṣán tọ́jú kókó iṣan ojú bí ọ̀nà mìíràn bá wà, nítorí ìtànṣán lè fa kókó tuntun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn nínú àwọn kókó náà kì í tilẹ̀ dàgbà sí i. A kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ni pé, ìran ta ni? Àrùn méjèèjì lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Òbí tí ó bá ní in lè gbé e fún ọmọ kan nínú méjì. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní ti àkọ́kọ́, àti nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó ní èkejì, kò jogún un lọ́dọ̀ òbí kankan. Ara ọmọ náà gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má dá ìyàwó lẹ́bi. Kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ yòókù jọ jẹ́ kí dókítà wo ara wọn.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ gba ìwé lọ sí Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Wọ́n lè darí yín sí UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Latunde Odeku ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ọdún 1962. A mọ̀ pé ọ̀nà jìn, owó àwòrán kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ fi àwòrán náà àti ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá kí òjò má baà bà á jẹ́, ẹ sì máa mú un dání ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lọ, nítorí òun ni dókítà yóò fi wé èyí tí a óò yà lọ́dún tí ń bọ̀.