Ẹ̀jẹ̀ AS: Bí ibà ṣe ń ṣa ènìyàn létí ọ̀sà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni òbí tàbí àlùfáà máa ń ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹkún dé. Àwọn àgbà a sì máa béèrè pé, kí ló dé tí ohun tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS?

Ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn ni ìdáhùn wà, ẹ̀fọn kò sì ṣàjèjì sí ìlú méjèèjì tó jókòó ti ọ̀sà yìí.

Lọ́dún 1813, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Charles Wells, ka ìwé kan síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, Royal Society. Ó ní láàrin àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Áfíríkà, àwọn kan á lè fara da àìsàn ilẹ̀ náà ju àwọn yòókù lọ. Àwọn wọ̀nyí á máa bí sí i, àwọn yòókù á sì máa dín kù. Ó rò pé àwọ̀ dúdú ni àmì wọn, ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró: bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa àgbàdo tó dára sọ́tọ̀ fún gbíngbìn, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ń ṣa ènìyàn.

Charles Darwin ni ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àmọ́ òun náà gbọ́n láti ara ẹlòmíràn. Ní 1838 ló ka ìwé tí Thomas Malthus kọ ní 1798, pé ènìyàn ń pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ojú rẹ̀ sì là. Ìwé kan náà ni Alfred Russel Wallace rántí ní 1858 tí èrò yìí fi sọ sí i lọ́kàn, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní erékùṣù kan ní Éṣíà. (Ibà ni àìsàn náà o!) Ìwé Darwin jáde ní 1859. Kò mọ ti Wells nígbà náà. Nínú àtúntẹ̀ ti 1866 ló ti gbà pé onítọ̀hún ti sọ ọ́ ṣáájú òun.

Ẹ̀rí inú ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ní 1954, Anthony Allison, tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, fi hàn pé kòkòrò ibà kì í wọ́pọ̀ lára ọmọdé tó jẹ́ AS tó ti AA, àti pé ibi tí ibà bá ti gbilẹ̀ ni AS ti ń pọ̀. Ibà ń pa AA, fòníkú-fọ̀ladìde ń pa SS, AS ló ń yè láti bímọ. Ní 1958, Frank Livingstone fi kún un pé igbó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣán láti gbin iṣu ló fún ẹ̀fọn láyè láti gbilẹ̀.

Ohun tó gba ẹ̀mí àwọn baba ńlá là náà ló ń da tọkọtaya AS láàmú lónìí: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ọmọ lè gbà jẹ́ SS. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi abẹ sàmì sí lára kí wọ́n má bàa padà wá. Kò sí ẹni tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ìyá wọn nígbà náà.