Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, mílíọ̀nù 6.2 dọ́là: Kí ló dé tí irú iṣẹ́ ọnà yìí fi ń dá awuyewuye sílẹ̀?

Ẹni tó bá ń gba Fìdítì kọjá lọ sí Ìlọrà tàbí Ọ̀yọ́ á mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ èso sẹ́bàá títì. Ọlọ́jà á pe iye kan, oníbàárà á ná an, wọ́n á jọ fà á títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ògiri ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 6.2 dọ́là ní ọjà gbàǹjo iléeṣẹ́ Sotheby's nílùú New York. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà, owó ọ̀hún lé ní bílíọ̀nù 10 náírà.

Maurizio Cattelan, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló gbé e jáde. Ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní Miami, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. "Comedian" ló sọ ọ́, ìyẹn aláwàdà. Justin Sun, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló rà á ní 2024. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó sì jẹ ẹ́ níwájú àwọn oníròyìn ní Hong Kong.

Bí ìròyìn náà ṣe jáde, ọ̀rọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Àwọn mìíràn ní jìbìtì gbáà ni.

Kí ni ọkùnrin náà rà gan-an?

Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni iṣẹ́ náà ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìlànà bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó lára ògiri. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jíjẹ tó jẹ ẹ́ kò fi ba nǹkan kan jẹ́.

Irú iṣẹ́ yìí làwọn òyìnbó ń pè ní conceptual art. Ní Yorùbá, èèyàn lè pè é ní iṣẹ́ ọnà olérò: èrò ni ọ̀gá, ohun tí ojú ń rí kàn jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Lọ́dún 1967, Sol LeWitt, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Artforum pé nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èrò ló ṣe pàtàkì jù lọ.

Àríyànjiyàn náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Lọ́dún 1917, Marcel Duchamp, ọmọ ilẹ̀ Faransé, mú àwo tí àwọn ọkùnrin ń tọ̀ sí, ó kọ "R. Mutt" sí i lára, ó sì fi ránṣẹ́ síbi àfihàn kan ní New York. Àwọn tó ṣètò àfihàn náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé èyí síta. Ìbéèrè tó dá sílẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀ títí dòní: ṣé ọwọ́ tó mọ nǹkan ló ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà, àbí ọkàn tó rò ó?

Ààlè àti àrokò ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí, kó rántí ààlè. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìlọrà kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè dúró ṣọ́ ọ. Ó lè so àkísà, kùùkù àgbàdo tàbí bàtà tó ti já mọ́ ọn. Lójú àjèjì, ìdọ̀tí ni. Lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìkìlọ̀ ni: ohun yìí wúlò rí, ó ti di ohun àkọ̀sílẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò rí fún ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹrù ẹlẹ́rù. David Doris, olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí lórí ààlè nílẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ odindi ìwé lé e lórí, Vigilant Things, tó jáde lọ́dún 2011.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Tí wọ́n bá so ó kẹ̀yìn síra, ìjà ti wọ̀ ọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó fẹ́ gbà á. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá owó ẹyọ náà rẹwà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Gbogbo ìlú ló gbọ́ èdè ààlè. Àwọn tó ń lọ sí gálárì nìkan ló sábà máa ń gbọ́ èdè ọ̀gẹ̀dẹ̀ ara ògiri.

Ère Fẹlá tí kò lórí

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà nìyẹn. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, tó jẹ́ àyájọ́ ọjọ́ ìbí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ère kan ní oríta Allen ní ìrántí rẹ̀. Abolore Sobayo ló ṣe é. Aṣọ Fẹlá wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí orí, kò sí ọwọ́. Kíá làwọn èèyàn ti ń béèrè pé: orí rẹ̀ dà?

Àlàyé tó tẹ̀ lé e ni pé kì í ṣe àwòrán ara Fẹlá ni ère náà, àmì ohun tó dúró fún ni. Èrò gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, orí ni àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ tóbi jù lára ère, torí pé orí ni àyànmọ́ èèyàn. Ọwọ́ Fẹlá tó máa ń dì ní ẹ̀ṣẹ́ sókè náà kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn tó bínú kì í ṣe òpè. Èdè tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi ka ère náà, ìtumọ̀ tó sì fún wọn yàtọ̀ sí ti oníṣẹ́ ọnà.

Níbo gan-an ni ìjà wà?

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó mọ àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ mọ ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ó máa ń dun irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti gbọ́ pé sẹ́lótéèpù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti di iṣẹ́ ọnà. Ìkejì, ìtìjú: èèyàn ò fẹ́ kí wọ́n fi ojú aláìmọ̀kan wo òun nítorí pé kò rí ohun tí àwọn mìíràn ní àwọn rí.

Ìkẹta ni owó, òun ló sì ká àwọn èèyàn lára jù. Sẹ́ǹtì 35 péré ni wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjọ́ gbàǹjo yẹn lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Bangladesh, tó ń bá wọn ta èso nítòsí Sotheby's. Nígbà tí akọ̀ròyìn New York Times sọ iye tó padà di fún un, ńṣe ló bú sẹ́kún. Ó béèrè pé ṣé àwọn tó rà á ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Àwọn tó ń gbèjà Cattelan ní ìbéèrè bàbá yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà ń bi ayé: ta ló ń sọ iye tí nǹkan tó? Àwọn tó ń bá a jà ní awada tó ń fi ọlọ́rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì tún ń gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan náà, kò ṣe ẹlẹ́rù èso láǹfààní kankan. Kò sí èyí tó ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú méjèèjì.

Báwo lèèyàn ṣe lè wò ó?

Kò pọn dandan kí èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tó láti fi dán an wò. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé ohun tí wọ́n lò bá ọ̀rọ̀ náà mu, bí bàtà tó já ṣe bá ìkìlọ̀ ààlè mu? Tí wọ́n bá yọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà àti iye owó kúrò, ṣé nǹkan kan ṣì kù tí èèyàn lè rò délé?

Bí ìdáhùn sí ìkẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn sọ pé kò wọ òun lójú. Ààlè tí kò sẹ́ni tó lè kà, àkísà lásán ni.