Ewédú Ẹ̀yìnkùlé: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbìn Ín Láti Orí Hóró

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ń dá oko ẹ̀yìnkùlé ni pé hóró ewédú tí wọ́n rà lọ́jà kò hù. Wọ́n gbin odidi ṣíbí kan, igi mẹ́ta péré ló yọjú, ni wọ́n bá ń bínú sí ẹni tó tà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni yẹn kò ṣẹ̀ wọ́n. Hóró náà ń sùn ni. Èèpo ara rẹ̀ le, omi kì í ráyè wọ inú rẹ̀, bí omi kò bá sì wọlé, kò sí híhù. Omi gbígbóná ni a fi ń jí i.

Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́, kí ẹ so ó lẹ́nu. Ẹ gbé omi kaná títí yóò fi hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ sì jù ú sínú omi tútù. Ẹni tó bá jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ ti sè é nìyẹn. Ẹ tú u sórí àwo pẹrẹsẹ lábẹ́ òjìji kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀n tí ẹ máa gbìn nìkan ni kí ẹ ṣe.

Ibi tí oòrùn ti ń ta dáadáa ni ewédú ń fẹ́. Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá tàbí ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí, ẹ má sì gbìn ín sí ilẹ̀ tí mẹkáníìkì ti da ọ́ìlì sí rí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ti ya, kó ṣáà ti lu ihò sí i nídìí. Ìgbẹ́ adìẹ dára fún un gan-an, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò: ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Hóró ewédú kéré débi pé bí ẹ bá fọwọ́ wọ́n ọn lásán, gbogbo rẹ̀ á kó jọ sójú kan. Ẹ po ìwọ̀n kan rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́wàá iyanrìn gbígbẹ. Ẹ fi igi fa ilà tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì da koríko gbígbẹ lé e. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ó yẹ kó ti máa hù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ ti kó koríko náà kúrò. Nígbà tó bá ti ní ewé bíi mẹ́rin, ẹ fa àwọn tó fún ara wọn pọ̀ tu. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ti àwọn yẹn.

Oríṣi tó wà lọ́jà kò pọ̀. Amúgbàdù ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀, Oníyàyà sì ń pẹ̀ka púpọ̀. Òun ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa gé e léraléra. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ gbìn ín láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹjọ. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú ni ewédú ń sáré yọ òdòdó, nítorí náà èyí tí a gbìn ní Oṣù Kejìlá kì í pẹ́ so, ewé rẹ̀ kì í sì í tó nǹkan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Yóò tún rú láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ má fọwọ́ ṣẹ́ ẹ, torí èèpo rẹ̀ á bó wálẹ̀. Èèpo yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe okùn tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó ní Íńdíà àti Bangladesh.

Tata àti kòkòrò tó ń lu ewé kò ní ṣàì wá. Eérú ààrò tí a wọ́n sí i láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, ń lé wọn díẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn àti aáyán kò gbọdọ̀ kan ewé tí a ó jẹ láéláé. Bí ẹ bá fà á tu tí ẹ rí kókó lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má gbin ewédú, ilá tàbí tòmátò síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó já a, kí ìjábẹ̀ tó kàn án, kí ẹ sì dín káún kù, nítorí ó ń ba díẹ̀ nínú fítámì rẹ̀ jẹ́. Ó ní irin àti fólétì tí aláboyún nílò, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn.

Ẹ fi igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ kó so, kí ẹ ká èso rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, kó tó là fúnra rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ ti ṣeé jẹ tó, hóró rẹ̀ ní májèlé tó ń ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ọmọrí, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.