Recalcitrant: ọ̀rọ̀ tó ń tàpá

Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì Faransé kò lè sọ pé òun kò gbọ́ récalcitrant rí. Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Faransé, ó sì yọ àmì orí e kúrò: recalcitrant. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ti adájọ́ àti oníròyìn. Nínú ilé, stubborn ni wọ́n máa ń sọ.

Látìn ni orísun rẹ̀. Calx ni gìgísẹ̀. Calcitrare ni kí ẹṣin tàbí ìbaaka máa tàpá. Bíbélì Látìn lò ó ní Diutarónómì 32:15, fún àwọn tó yó tán tí wọ́n wá ń tàpá bí ẹran àbọ́sanra. Àwa náà kúkú ń sọ pé ẹnìkan tàpá sí òfin. Ẹsẹ̀ kan náà ni!

Nítorí náà, àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí olóríkunkun kò jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì débẹ̀. Olóríkunkun lè dá jókòó sílé rẹ̀, kí ó dúró lórí èrò tirẹ̀, láìsí ẹni tó pàṣẹ kankan fún un. Recalcitrant kò lè ṣe aláìní aláṣẹ: òbí, olùkọ́, agbowó-orí, ilé-ẹjọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti ọdún 1970 lò ó fún ẹlẹ́rìí tó kọ̀ láti jẹ́rìí láìnídìí. Wọ́n lè tì í mọ́lé. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá pe ènìyàn ní recalcitrant ti gbè sẹ́yìn aláṣẹ ná. Ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń jà fún. Ó yẹ kí ògbufọ̀ mọ èyí kó tó la ẹnu.

Ti gírámà ńkọ́? “Ó tàpá sí àṣẹ” lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn kò sì tó. “Ẹni tó máa ń tàpá sí àṣẹ” ló sún mọ́ ọn jù, nítorí “máa ń” ló sọ ìṣe náà di ìwà.

Ó ku ibìkan tó le. Láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ ewéko ti ń pe irú èso kan ní recalcitrant, èyí tí a kò lè sá gbẹ fi pamọ́. Kòkó wà lára wọn: bí kóró rẹ̀ bá gbẹ, ó kú, kò ní hù mọ́. Kóró kòkó kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi tàpá. “Kóró tí kì í gba sísá” ni èmi yóò pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.