Bí ẹ ṣe lè pọntí nílé nínú ooru láìgbójú lé iná mànàmáná

Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, yàrá tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí ní Ìbàdàn tàbí Èkó sábà máa ń gbóná kọjá 30°C lọ́sàn-án. Ẹni tó bá pọntí nílé lásìkò yìí, ì báà jẹ́ ọtí bàbà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wáìnì ọ̀pẹ òyìnbó tàbí bíà, mọ ohun tí ooru ń fojú ọtí rí. Ọtí á hó wìtìwìtì, ìfófòó rẹ̀ á gba ẹnu ìdérí jáde, láàárín ọjọ́ méjì ó ti dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá bù ú tọ́ wò ni wàhálà máa ń yọjú: á máa ta lọ́nà ọ̀fun, òórùn rẹ̀ á jọ ti oje tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, orí á sì máa fọ́ ẹni tó mu ún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìpọntí ń sọ ni pé kí onítọ̀hún ya fíríìjì kan sọ́tọ̀ fún ọtí. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìpele márùn-ún ni NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, pín àwọn tó ń lo iná sí. Ìpele A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ fún. Ìpele D ń retí wákàtí 8, ìpele E ń retí wákàtí 4. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn, tó wá fi ọtí lé fíríìjì lọ́wọ́, ń fi owó ọkà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Síbẹ̀, ọtí rẹ̀ lè dára bíi ti ẹnikẹ́ni, tó bá ti mọ ìgbà tí òtútù ṣe pàtàkì gan-an àti ìgbà tí kò ṣe pàtàkì mọ́.

Ooru inú garawa ju ti yàrá lọ

Ìwúkàrà ló ń sọ omi ọkà di ọtí. Ẹ̀dá oníyè ni, ó kéré débi pé ojú lásán kò rí i. Ṣúgà ló ń jẹ, ọtí àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ló ń tú sílẹ̀, ó sì ń tú ooru sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ooru yìí kì í ṣe kékeré. Tí lítà 20 omi ọkà bá ní kílò ṣúgà méjì nínú, tí ìwúkàrà sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ooru tó máa tú jáde tó láti fi ohun tó ju ìwọ̀n 10°C lọ kún ìgbóná omi náà, bí kò bá rí ọ̀nà jáde. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ara garawa sá lọ. Àmọ́ nígbà tí híhó bá gbóná jù, inú garawa lè fi ìwọ̀n 3 sí 5 gbóná ju yàrá lọ. Yàrá tó wà ní 31°C lè ní ọtí tó wà ní 35°C nínú, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀ àfi tó bá fi tẹmómítà kàn án.

Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà tí wọ́n ń lò fún bíà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Saccharomyces cerevisiae, máa ń ṣe ọtí tó mọ́ lẹ́nu láàárín 18°C sí 22°C. Ti bíà lager tilẹ̀ fẹ́ 8°C sí 13°C. Tí ìgbóná bá kọjá ibi tó yẹ, ìwúkàrà kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń sáré jù ni. Nínú ìsáré yẹn ló ti ń ṣe àwọn ọtí wíwúwo tó ń ta lọ́nà ọ̀fun, àti àwọn èròjà olóòórùn tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́npọ́n tàbí ọ̀dà. Kòkòrò tó ń sọ nǹkan di kíkan náà fẹ́ràn ooru, tí garawa kò bá sì mọ́ tónítóní, àwọn ló máa jẹ́ onílé níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nìyí: wákàtí 48 sí 72 àkọ́kọ́, nígbà tí ìwúkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adùn burúkú yìí máa ń wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọtí tí a fi sílẹ̀ kó móoru díẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ìmóoru yẹn tilẹ̀ ń ran ìwúkàrà lọ́wọ́ láti jẹ àwọn èròjà tí kò dára padà, irú èyí tó ń mú kí bíà rùn bíi bọ́tà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó òtútù ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ta péré ni kó wá òtútù sí.

Kí fíríìjì tó dé

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ sí ilẹ̀ olóoru. Ní Bàfáríà, ní gúúsù Jámánì, òfin kan jáde lọ́dún 1553 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pọn bíà láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, nítorí bíà ìgbà ooru ń bàjẹ́ jù. Inú àjà ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú bíà sí, wọ́n á kó yìnyín tí wọ́n gé lórí adágún odò nígbà òtútù tì í, wọ́n á sì gbin igi sórí ilẹ̀ náà kí òjìji lè wà. Àwọn ọdún 1870 ni Carl von Linde bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù fún ilé ìpọntí Spaten ní Munich. Ẹ̀rọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè pọn bíà lager ní ilẹ̀ olóoru. Ní Èkó, ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde.

Kì í ṣe pé kò sí ọtí nílẹ̀ wa kí ẹ̀rọ yẹn tó dé. Àwọn ìyá wa yan irú ọtí tó bá ooru mu ni. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin ṣì ń fi ọkà bàbà tó hù pọn tchoukoutou. Wọ́n á bu ìwúkàrà láti ara ọtí àná, èyí tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, sínú ti òní, á hó mọ́jú nínú ooru bó ṣe wà, wọ́n á sì mu ún kí ọjọ́ méjì tó pé. Ọtí bàbà àti ẹmu tiwa náà kò yàtọ̀. Kíkan díẹ̀ wà lára adùn wọn, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ pọn irú ọtí bẹ́ẹ̀ kò níṣòro púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ bíà tàbí wáìnì tí yóò pẹ́ nínú ìgò ni ọ̀rọ̀ tó kù yìí wà fún.

Yìnyín, aṣọ tútù, àmù

Yìnyín ni bátìrì tálákà. Kò di dandan kí iná wà lásìkò tí ọtí ń gbóná. Ìgbà tí iná bá dé ni kí omi dì nínú firísà, tiyín tàbí ti aládùúgbò, kí ẹ wá lò ó nígbà tó bá wù yín. Kílò yìnyín kan máa ń gba ooru tó tó kílójúùlù 334 kó tó yọ́ tán, nígbà tó jẹ́ pé kílójúùlù 4 àti díẹ̀ ló ń fi ìwọ̀n kan kún ìgbóná lítà omi kan.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yẹn lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ ìpọntí. Ẹ fi omi tó fi lítà mẹ́ta dín sí iye ọtí tí ẹ fẹ́ se ọkà yín. Ẹ dé ìkòkò, ẹ gbé e sínú bàsíà omi, ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí ìkòkò yóò fi tutù dé 35°C, nítorí pé omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lè mú un débẹ̀. Ẹ wá da kílò yìnyín mẹ́ta sí lítà 17 tó kù: ó di lítà 20, ìgbóná rẹ̀ á sì wà ní nǹkan bí 18°C. Kílò mẹ́ta yẹn kò ju omi inú ọ̀rá mẹ́fà, píọ̀wọ́tà tí gbogbo wa ń rà. Èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fọ ara ọ̀rá náà dáadáa kí ẹ tó já a. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ se omi náà fúnra yín, kó tutù, kí ẹ tó dì í nínú ike tó mọ́. Ìgbà náà ni ìwúkàrà ó wọlé. Ẹni tó bá da ìwúkàrà sínú omi ọkà tó ṣì gbóná ti pàdánù wákàtí tó ṣe pàtàkì jù.

Fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kúlà ńlá tí garawa lè wọ̀ dára ju ohunkóhun lọ. Ẹ bu omi sínú rẹ̀ títí omi á fi dé àárín ara garawa, ẹ fi ike omi dídì lítà kan àbọ̀ kan sí i láàárọ̀, òmíràn lálẹ́, kí ẹ sì dé e. Bàsíà gbalasa náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n yìnyín tó máa jẹ lè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ooru yàrá ń wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ìhà. Ẹni tí kò ní kúlà lè fi fóòmù àtijọ́ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì wé bàsíà náà yíká. Owó fóòmù kéré púpọ̀ sí owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ọgbọ́n àmù wà pẹ̀lú. Omi ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fà á gbẹ, ó sì ń kó ooru lọ. Lítà omi kan tó bá fà gbẹ kó ooru tó tó kílójúùlù 2,400, ìlọ́po méje ti kílò yìnyín kan. Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló lo ọgbọ́n yìí, tó fi ìkòkò kan sínú òmíràn pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn kí ẹ̀fọ́ àgbẹ̀ má bàa rà; ó gba àmì ẹ̀yẹ Rolex fún un lọ́dún 2000. Fún garawa ọtí, ẹ fi aṣọ òwú wé e, kí etí aṣọ náà wà nínú omi bàsíà, kí fáànù kékeré tó ń lo sólà máa fẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ wà ló máa sọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Tí yàrá bá wà ní 32°C, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, aṣọ tútù lè mú garawa sún mọ́ 22°C. Tí ọ̀rinrin bá di ìdá 80, 29°C ló máa dúró sí. Nígbà ọyẹ́, ó dára. Ní Kánò, ó dára gan-an. Ní Èkó lásìkò òjò, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú. Ẹ má sì wulẹ̀ gbẹ́ kòtò bíi ti àwọn ará Bàfáríà. Ìgbóná inú ilẹ̀ kì í jìnnà sí ìpíndọ́gba ìgbóná ọdún kan, èyí tó wà ní bí 26°C sí 28°C ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ìwúkàrà tí ooru kò dà láàmú

Ọ̀nà kan ṣì wà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lérò ló sì ti wá. Ní ìwọ̀-oòrùn Norway, ní agbègbè tó tutù bíi Voss, àwọn àgbẹ̀ ní ìwúkàrà ìdílé tí wọ́n ń pè ní kveik. Wọ́n máa ń sá a gbẹ sórí aṣọ tàbí igi, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ di ọdún mìíràn, wọ́n á sì dà á sínú omi ọkà tó ṣì gbóná tó 35°C sí 40°C. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ìran ọ̀tọ̀ ni àwọn ìwúkàrà yìí láàárín àwọn ìwúkàrà bíà, àti pé wọ́n fara da ooru tó ń ba ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù jẹ́. Ọtí wọn a máa parí híhó láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì ní ta lọ́nà ọ̀fun.

Kveik gbígbẹ wà nínú pálí kékeré lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ìpọntí, ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan sì lè sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ọtí rẹ̀ gbẹ fún ìgbà mìíràn. Àwọn ìwúkàrà saison ti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù náà wà tí 30°C kò ṣe ní nǹkan kan. Ìwúkàrà búrẹ́dì ọjà lè sọ ṣúgà di ọtí nínú ooru, àmọ́ kì í tètè silẹ̀ sísàlẹ̀, òórùn búrẹ́dì sì máa ń kù lára ọtí rẹ̀. Ní tèmi, lílo ìwúkàrà tó bá ojú ọjọ́ mu sàn ju bíbá ojú ọjọ́ jà.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra tẹmómítà kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara garawa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìgbóná yàrá. Ẹ má ṣe dé ọtí tó ń hó pa, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè fọ́ ìgò mọ́ yín lójú. Ẹ sì pọntí lálẹ́.